Òkú Orí Tábìlì Ìkàwé

Imú ń yún òkú, kò sì gbọdọ̀ họ ọ́. Lazarus Oyèkànmí, alábòójútó ilé ìkàwé kánsù l'Ókìtìpupa, na gbalaja sórí tábìlì, ó dijú pinpin. Epo pupa tí wọ́n fi ṣe ẹ̀jẹ̀ ń rọra ṣàn wọ etí rẹ̀.

Dora ló fà á, tíṣà ọ̀dọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú. Láti ìgbà tí ogun abẹ́lé ti parí ni kánsù ti ń wá ibi tí wọn yóò máa kó sìmẹ́ńtì sí, wọ́n sì ti ní bí èèyàn ò bá wá kàwé, ilé ìkàwé ni àwọn yóò gbà. Dora ní, "Sà, ẹ jẹ́ ká ṣeré ìpànìyàn. Ẹnì kan á kú, àwọn ará ìlú á wá ẹni tó pa á." Lazarus yan ipò òkú. Kò fẹ́ràn ariwo, òkú kì í sì í pariwo. Ní kọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀, ó tún rántí pé ọjọ́ a bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ó fẹ́ gbọ́ bí òun ṣe máa dère.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé yìí, èrò kún débi pé àwọn kan ń yọjú lójú fèrèsé. Benedict, sájẹ́ńtì tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ó wúkọ́, ó ní, "Ta ló ní ìdí láti pa ọkùnrin yìí?"

Àwọn òṣèré ló ń bi. Ṣùgbọ́n Jethro, àgbẹ̀ ará Ìyànsàn, nawọ́ láàárín èrò.

"Èmi. Mo gun kẹ̀kẹ́ wá láti Ìyànsàn nítorí ìwé ọ̀gbìn àgbàdo. Mi ò tíì ṣí i tán tó fi ní epo ń rùn lọ́wọ́ mi."

"Èmi náà," ni Eunice tó ń ta púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́, wí. "Mo rẹ́rìn-ín nídìí ìwé, ó ní kí n lọ rín ìyókù lọ́jà."

"Èmi, ikọ́ ni mo wú!"

"Èmi, bàtà mi ló dún!"

Àfi bíi pé wọ́n ń pín ìrẹsì. Benedict figbe ta: "Ẹ̀yin ará, ẹnì kan ṣoṣo ló pa á!"

Ara Lazarus gbóná. Ó la ẹnu, ó ní, "Ṣùgbọ́n òfin ni..."

"Ṣṣṣṣ!" Eunice fi ìka sẹ́nu. "Ilé ìkàwé lo wà, òkú!"

Ẹ̀rín gba gbogbo ilé kan. Ìgbà náà ni Benedict pe Salome, ìyàwó olóògbé. Ọkàn Lazarus balẹ̀: ẹni tó máa gbè é lẹ́yìn ló dé yìí.

Salome dìde. Kò rẹ́rìn-ín.

"Nílé, ọkọ mi máa ń pa èmi àtàwọn ọmọ lẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wa. Tó bá ti wọ ibí báyìí, ó kú nìyẹn. Ẹ bá mi wá ẹni tó ń pa á."

Kò sẹ́ni tó nawọ́ mọ́. Lábẹ́ ìpéǹpéjú, ojú òkú ń ta á.

Nígbà tí Dora wá ń kéde apààyàn tó ti yàn sílẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ tirẹ̀. Jethro ti lọ fa ìwé àgbàdo yọ, ó ń kà á sókè ketekete. Eunice ń bá a jiyàn pé ará Akótógbò kì í gbìn ín bẹ́ẹ̀, èrò sì ti pé lé wọn lórí. Ẹlòmíràn ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìwé lórí itan. Gbogbo ilé ń hó yèè.

Lazarus la ojú kan, ó la èkejì. Wọ́n ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ó sọ ẹsẹ̀ kan kalẹ̀, ó sọ èkejì, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì dúró ti àwọn èrò náà, ó ń wò bóyá ẹnì kan á sún fún òun.