Ọmọ Ọdún Mẹ́rin Tó Jẹ́ Ìyá Ujarak

Ẹ jókòó, ẹ má tíì máa lọ. Mo lá àlá kan mọ́jú òní, bí mi ò bá sì rò ó fún yín, ara mi ò ní balẹ̀.

Ìlú àwọn Inuit ni mo bá ara mi, lókè ayé lọ́hùn-ún níbi tí òkun ti ń dì gbagidi. Èmi tí mi ò lè fi omi tútù bọ́jú! Síbẹ̀, òtútù ò mú mi. Ẹ fi tèmi sílẹ̀ ṣá, bàbá kan tó ń jẹ́ Ujarak ló ni àlá náà.

Ujarak ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó di ọwọ́ Aluki, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, mú, ó ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Kì í ṣe àwàdà o. Orúkọ ìyá rẹ̀ tó ti kú ni wọ́n sọ ọmọ náà. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá ti gba orúkọ olóògbé ti di olóògbé náà nìyẹn. Ìwé ló dé láti ìjọba pé wọ́n fẹ́ kọ orúkọ gbogbo ìlú lákọ̀tun, orúkọ tí kò bá sì wọ ìwé lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè é mọ́.  Ìyá Ujarak ti kú lẹ́ẹ̀kan, kò fẹ́ kó tún kú lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ orúkọ náà ń léfòó lórí yìnyín ńlá kan láàárín omi. Alùpùpù orí yìnyín tó gbé wọn lọ ń ráhùn lọ́nà, ó ní àwọn ajá tó ń fa ọkọ̀ láyé àtijọ́ ló kọ́ òun níṣẹ́, wọn ò sì sọ fún òun pé ó le tó báyìí. Ujarak bá a kẹ́dùn.

Akọ̀wé kan tó so táì béèrè pé, "Bàbá, kí ni ọmọ yìí jẹ́ sí yín?"

"Ìyá mi ni, ọ̀gá."

Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà húkọ́, ó ní, "Bí ìyá bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, a jẹ́ pé wọn ò tíì bí bàbá yìí. Ẹ gbé e lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, kó lọ máa dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa bí i."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé Ujarak jókòó sórí àga kékeré jẹ́lé-ó-sinmi tó wà ní igun ọ́fíìsì, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ó kàn béèrè aago tí wọ́n ń jẹun ni.

"Bàbá, ẹ kàn sọ pé ọmọ-ọmọ yín ni," akọ̀wé ń wí. "A máa fún un ní nọ́ńbà, ẹ ó sì máa lọ sílé." Ibi tó ti ń sọ ọ́ ni ìwo ti yọ lórí rẹ̀, irùngbọ̀n hù, ó di òbúkọ. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwọn fọ́ọ̀mù orí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi ku ti Aluki nìkan.

"Ọ̀gá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín," Ujarak kígbe, "ẹ má jẹ ìyá mi!"

Aluki yíjú sí i. "Ujarak! Bàtà rẹ ti rin. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo máa sọ fún ọ? Bọ́ ọ kíá, kí ẹsẹ̀ rẹ má baà dì."

"Ẹ má bínú, Màámi." Ó bọ́ ọ. Ọmọ náà gbà á, ó ń fi eyín rún àtẹ́lẹ̀ bàtà awọ náà kó lè rọ̀, bí ìyá Ujarak ti máa ń ṣe nígbà tí Ujarak wà ní kékeré. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Omi bọ́ lójú Ujarak.

Òbúkọ ò lè jẹ nǹkan mọ́. "Bí ìyá tèmi náà ṣe máa ń bá mi wí nìyẹn," ó ní. "Ta ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí?"  Ó fa fọ́ọ̀mù náà mọ́ra, ó fi pátákò tẹ̀ ẹ́ lóǹtẹ̀: Ìyá.

Ni mo bá jí. Fọ́ọ̀mù ilé-ìwé ọmọ mi ṣì wà lórí tábìlì. Àyè orúkọ inú rẹ̀ ò tó nǹkan, Dẹ́bórà nìkan ni mo kọ sí i, mo ti fo Àwẹ̀ró, orúkọ ìyá mi tí mo fi sọ ọ́. Mo wá báírò. Àyè ò gbà á lóòótọ́, mo kọ ọ́ yọ sí etí ìwé. Ọmọ náà wá dúró tì mí, ó ń nu ojú oorun.

"Dádì, kí lẹ̀ ń kọ?"

Mo ní, "Orúkọ yín ni, Màámi."