Wàrà Inú Ife Onídérí

"Ṣé kò sí ẹlòmíràn tó fi nǹkan sí i lẹ́nu láàárọ̀ yìí?"

Nọ́ọ̀sì ló bi wá, ó sì ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú láti gba ọmọ. Ìyàwó mi ti kọ́kọ́ sọ fún un pé ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tí òun fún un lọ́mú kẹ́yìn, bí wọ́n ṣe ní ká ṣe é. Ìbéèrè kejì yìí ni kò rí ẹni dá a lóhùn. Ìyàwó mi ń tú ìka ọmọ kúrò lára ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀, èmi ń wo ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ. Nọ́ọ̀sì ka ìdákẹ́jẹ́ wa sí pé kò sí. Ó gbé ọmọ wọlé. Ọmọ ò sunkún. Ó kàn gbé àgbọ̀n lé èjìká rẹ̀, ó ń wò wá lọ.

Iṣẹ́ kékeré ni, wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ títí. Ìpá ni, nǹkan kékeré kan tó máa ń yọ gọngọ lábẹ́ ikùn rẹ̀ bó bá ń ké. Dókítà ní òun á tì í padà, òun á rán ojú ihò náà, a ó sì gbé ọmọ relé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n wọ́n máa kọ́kọ́ fún un lóògùn oorun, ikùn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣófo. Bí wàrà bá wà níbẹ̀, ó lè bì í lójú oorun, kó gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Jẹ́jẹ́ ni dókítà sọ ọ́, bí ẹni ń júwe ọ̀nà ilé. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti dùn lẹ́nu mi.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì onírin. Èmi kì í lè jókòó lásán. Mo ti yẹ táìlì ògiri wò, mo ti rí ọ̀kan tí wọ́n lẹ̀ ní ìdoríkodò, mo sì ń ro ohun tó fà á. Ìyàwó mi ní kí n fi ògiri ilé onílé sílẹ̀, kí n bá òun gbé ife wàrà jáde nínú báàgì kí ooru má bà á jẹ́. Lálẹ́ àná ló fún ọmú sínú ife onídérí kan, ó gbé e sínú fíríìjì. Kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé ìpayà lè gbẹ ọmú òun nígbà tí ọmọ bá jí tí ebi sì ń pa á.

"Ife wo?" ni mo wí. "Òfìfo ni mo bá a nínú bésínì. Mo rò pé o ti dà á sínú ìgò ọmọ."

"N ò fọwọ́ kàn án. Ìwọ ni mo ní kó o gbé e."

Ẹni kẹta tó wà nílé ni ìyá ìyàwó mi, tí wọ́n wá bá wa tọ́jú ọmọ. Nígbà tí mo ń wẹ̀ tí ìyàwó mi ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ọwọ́ Màmá ni ọmọ wà. Ọmọ kì í la ẹnu níwájú Màmá kó pa á dé lófìfo.

"O sọ fún Màmá pé kò gbọ́dọ̀ jẹ nǹkan kan?"

"Mo rò pé ìwọ lo sọ fún wọn."

Bá a ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn. Ohun tí ẹnì kan bá ti mọ̀, a gbà pé gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n.

Mo lọ kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì yọjú, mo ní bóyá ọmọ ti mu wàrà.

"Bóyá kẹ̀, bàbá ọmọ?"

Kò bú mi. Ìbá sàn kó bú mi. Ó wọlé, ó tún jáde. Ó ní wọn ò tíì fún un lóògùn, dókítà á dúró díẹ̀, àmọ́ ká tètè wádìí. Bó bá ti mu ún, wọ́n á sún iṣẹ́ náà síwájú. Ìpá ọ̀hún sì ti há síta lẹ́ẹ̀kan, ó le gbagidi, agbára káká ni wọ́n fi dá a padà. Dókítà ò fẹ́ kó tún há. Ká ṣe é, ewu. Ká má ṣe é, ewu.

A pe Màmá. Fóònù dún títí, wọn ò gbé e. A tún pè. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti wá ń gbọ́ ẹkún ọmọ. Mo fi ọkàn ara mi balẹ̀ pé ẹkún ebi ni, pé ọmọ tó yó kì í ké bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ó máa ń ké bẹ́ẹ̀ bó tilẹ̀ yó. Bí mo ṣe ń to ẹ̀rí ló ń wó. Mo ń lọ, mo ń bọ̀.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, jókòó," ni ìyàwó mi wí. "Òòyì rẹ ti ń kọ́ mi."

Ìgbà náà ni Màmá yọ ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ń kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé. Ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ni fóònù wọn wà. N ò jẹ́ kí wọ́n jókòó kí n tó béèrè. Wọ́n ní àwọn ò fún ọmọ ní nǹkan kan, ìyá rẹ̀ wà ní yàrá kejì, kí ni àwọn ń wá ìgò sí? Wọ́n ní ṣé ọlọ́pàá lèmi ni.

Mo gbà wọ́n gbọ́, àyà mi ò sì rọ̀. Wàrà kì í fẹsẹ̀ rìn jáde nínú ife. Bí mo bá wọlé lọ sọ fún dókítà pé ọmọ ò mu ún, tó sì jẹ́ pé ẹnì kan gbàgbé ni ńkọ́?

Màmá ní ojú mi ti ṣì, kí n jókòó, kí n fi nǹkan gbígbóná sínú. Wọ́n tú tíì láti inú fláàsìkì sínú ìdérí rẹ̀, wọ́n nà án sí mi, n ò sì lè kọ̀ ọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo mu ún dé ìdajì láìmọ̀ pé mo ń mu nǹkan.

"Ẹ máa fara dà á bẹ́ẹ̀," ni Màmá wí. "Mílíìkì ti tán nílé. Ọpẹ́lọpẹ́ ìwọ̀nba tí mo rí nínú fíríìjì nígbà tí mò ń po tíì, nínú ife onídérí kan báyìí."

Ìyàwó mi gbé ọwọ́ lé àyà. Mo wo inú ìdérí tó wà lọ́wọ́ mi. Ó funfun. Mo dìde pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́, mo lọ kan ilẹ̀kùn.