Ohun Tí Ìka Àgbẹ̀bí Kò Fẹ́ Tẹ̀

Gbogbo ìbéèrè inú kọ́ọ̀sì náà ni àwọn àgbẹ̀bí ń gbà, àfi ẹyọ kan.

Fúnkẹ́ ló kọ kọ́ọ̀sì ọ̀hún. Ó ti ṣe tíṣà rí ní Àrámọkọ kí àjọ kan tó gbà á pé kó wá máa ṣe ẹ̀kọ́ tí ènìyàn lè fi fóònù kọ́ níbikíbi tó bá wà, lọ́fẹ̀ẹ́, láìsí ẹni tí yóò bi í pé ìwé mélòó ló kà. Fídíò kúkurú wà níbẹ̀, ohùn tó ń ka ẹ̀kọ́ ní Yorùbá wà níbẹ̀, ìbéèrè sì ń tẹ̀lé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìyá tó ń gbẹ̀bí nílé ìjọsìn láti Ẹ̀fọ̀n dé Ìjerò ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn tó wà ní Kútọnu pàápàá ń wọlé. Iṣẹ́ Fúnkẹ́ kò tán síbi kíkọ. Òun náà ló ń wò ó bóyá ẹ̀kọ́ wọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ létí, ibi tí wọ́n ti kọsẹ̀, kó lè tún ibẹ̀ ṣe.

Ibi tí wọ́n ti ń kọsẹ̀ rèé: “Bí obìnrin bá bímọ tán, tí ibi ọmọ ti jáde, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dá, kí ló lè ṣẹlẹ̀ sí i?” Ìdáhùn tó tọ̀nà ni “Ó lè kú.” Èyí tí wọ́n ń tẹ̀ ṣáá ni “Kò sí ohun tí yóò ṣe é.”

Ọkàn Fúnkẹ́ kò balẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí iṣẹ́ nìkan. Ọdúnayọ̀, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, wà nínú oyún àkọ́bí nílé ọkọ ní Ìlórò, ó sì kù díẹ̀ kó kúnlẹ̀. Ọwọ́ Ìyá Dorcas, àgbẹ̀bí ìjọ ọkọ rẹ̀, ló fẹ́ bí i sí. Fúnkẹ́ ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó lọ sí ọsibítù. Ọdúnayọ̀ ní ilé ìjọsìn náà ni wọ́n bí ọkọ òun sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá ọkọ òun sí. Ọmọ tó ti relé ọkọ, a kì í bá a jà nítorí ibi tí yóò kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Dorcas wà lára àwọn tó tẹ “Kò sí ohun tí yóò ṣe é.”

“Yọ ìbéèrè yẹn kúrò,” ni Fọlárìn, ọ̀gá rẹ̀, wí nígbà tó rí èsì. “Òun nìkan ló ń bà wá lórúkọ jẹ́. Àwọn tó gbé iṣẹ́ yìí fún wa ń bọ̀ wá wò ó, wọ́n fẹ́ rí i pé àwọn ènìyàn ń yege.”

“Ọ̀gá, bí ilé bá ń jó, ṣé ẹni tó ń pariwo iná la máa ń kọ́kọ́ pa lẹ́nu mọ́?”

“Ìwọ Fúnkẹ́ àti òwe! Ó dáa, lọ wádìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àwọn àlejò tó dé, kí n má rí iná yẹn mọ́ o.”

Fúnkẹ́ gun ọ̀kadà lọ sí Ìlórò. Ó bá àwọn ìyá nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ ilé ìjọsìn, níbi tí wọ́n ti máa ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà pọ̀. Fóònù kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò, wọ́n gbé e ti Bíbélì lórí tábìlì. Ọdúnayọ̀ jókòó sẹ́bàá ògiri, ó na ẹsẹ̀ tó wú, ikùn rẹ̀ yọ síwájú bí òkè Ẹ̀fọ̀n tí wọ́n ti bí i. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n tó tẹ fóònù.

“Kí ni ẹ óò kọ́kọ́ ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kan aboyún?” ni ohùn inú fóònù bi wọ́n.

“A ó fọwọ́!” Ìyá Dorcas tẹ̀ ẹ́.

“Ẹ káre. Ìdáhùn yín tọ̀nà.”

“Àmín!” ni gbogbo yàrá dáhùn.

Báyìí ni wọ́n ń bá a bọ̀, ìdáhùn, Àmín, ìdáhùn, Àmín, títí wọ́n fi kan ìbéèrè ẹ̀jẹ̀. Ńṣe ni gbogbo wọn fọwọ́ yípo lórí. “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!” Ìyá Dorcas na ìka, ó tẹ “Kò sí ohun tí yóò ṣe é,” ó ní, “Lórúkọ Jésù.”

“Àmín!”

“Ìdáhùn yín kò tọ̀nà,” ni fóònù wí. “Ẹ tún un gbé yẹ̀ wò.”

“Ọ̀tá ni fóònù yìí!” ni Jemimah kígbe, obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. “Ẹ bá mi tú ẹ̀yìn ẹ̀ wò, bóyá ìyá ọkọ mi ló wà nínú ẹ̀.”

Ẹ̀rín sọ. Fúnkẹ́ náà rẹ́rìn-ín, kó tó wí pé, “Ẹ̀yin ìyá mi, kí ló dé tí ẹ ò tẹ ‘Ó lè kú’?”

“Tíṣà, ẹ wo àbúrò yín níbẹ̀ yẹn pẹ̀lú ikùn,” ni Jemimah dáhùn. “Ìka tí mo fi ń gba ọmọ, ṣé ẹ fẹ́ kí n fi tẹ ikú níwájú ẹ̀ ni?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ o,” ni Ọdúnayọ̀ wí láti ẹ̀bá ògiri. “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bímọ ná, kí wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ bó bá wù yín.”

Ìyá Dorcas kò rẹ́rìn-ín. Obìnrin gíga ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. “Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Ẹnu àgbẹ̀bí kì í dárúkọ ẹ̀. Ohun tá a bá pè, ó lè jẹ́ wa.”

Nígbà tí wọ́n túká, Fúnkẹ́ fa Ìyá Dorcas sẹ́yìn ilé. “Mọ́mì, láàárín èmi pẹ̀lú yín, bí ẹ̀jẹ̀ ò bá dá ńkọ́?”

Ìyá àgbà náà wò yíká kó tó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ọsibítù Ìjerò ni. Kíá. Mi ò ní dúró gbàdúrà gígùn. Àbí ọmọdé lẹ pè mí ni?”

Ọkàn Fúnkẹ́ rọ̀ wọ̀ọ̀ bí ẹni bu omi tútù mu. Wọ́n mọ̀ ọ́n! Ìbéèrè ló ṣàìsàn, ara àwọn obìnrin yá. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ó padà dé Àrámọkọ, ó pa ìbéèrè ikú rẹ́, ó kọ òmíràn dípò rẹ̀: “Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá, kí ni ẹ óò ṣe kí ìyá ọmọ lè yè?” Kò pẹ́ tí gbogbo àgbẹ̀bí fi ń tẹ “A ó gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá.” Fọlárìn bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní òun gan-an ni yóò ṣàlàyé ọgbọ́n náà fún àwọn àlejò.

Ọ̀sán ọjọ́ tí àwọn àlejò jókòó sí ọ́fíìsì òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì náà ni fóònù Fúnkẹ́ gbọ̀n. Ìyá Dorcas ni. Fúnkẹ́ tọrọ gáfárà, ó jáde.

“Tíṣà, ẹ kú oríire o! Obìnrin ni. Orí yín náà ló gbè wá.”

“Ọlọ́run, mo dúpẹ́! Ọdúnayọ̀ ńkọ́, Mọ́mì?”

“Ayọ̀ ni. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni. A ní ká gbé e dé Ìjerò, kí wọ́n bá wa wò ó.”

“Ẹ fún un ní fóònù kí n kí i.”

“Ó ń sinmi. Ẹ ṣáà máa bọ̀ wá kí ọmọ.”

Fúnkẹ́ wọlé padà pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó ní àbúrò òun ti bí, àgbẹ̀bí tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ló gbẹ̀bí rẹ̀, ó sì ń gbé e lọ sí ọsibítù báyìí kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. “Ẹ wò ó, ohun tá a kọ́ wọn gan-an nìyẹn.” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Òun náà pa á.

Àtẹ́wọ́ náà kò tíì dákẹ́ tí ìbéèrè kan fi sọ sí i lọ́kàn. Ẹni tó bímọ láyọ̀, kí ló ń wá lọ sí Ìjerò? Ó fi gbogbo wọn sílẹ̀ níbẹ̀, ó sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ wá ọ̀kadà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ìlórò nìyí. Ibi ọmọ ti jáde, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ìyá Dorcas ń fọwọ́ tẹ ikùn Ọdúnayọ̀, ó ń kì í kí ọkàn rẹ̀ má bàa lọ: “Àbẹ̀kẹ́, ọmọ olókè tí í fi àpáta rọrí, ọmọ ẹni tí kì í ṣubú lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Dìde, Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ń wò ọ́.” Aṣọ kan rin, ó mú òmíràn. Ìgbà tí ìyẹn náà rin ló bọ́ síta bá Isaac, ọkọ Ọdúnayọ̀, láàárín àwọn tó ń kí i kú ewu ọmọ. Ó fi ẹ̀rín sójú.

“Bàbá ọmọ, ẹ wá mọ́tò, ká gbé ìyá ọmọ dé Ìjerò kí wọ́n wò ó.”

“Ṣé kò sí nǹkan, Mọ́mì?”

“Kò sí nǹkan. Ọlọ́run wà níbẹ̀.”

Bọ́ọ̀sì kan ń kó èrò lóríta. Isaac wò ó, ó ní ìyàwó òun ò ní bímọ tuntun kó wá bá èrò ọjà há mọ́ra. Mọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ kó gbágùúdá lóko, ó dúró dè é. Ìgbà tó dé, ẹrẹ̀ kún ibi ìjókòó. Isaac pọn omi, ó mú ọṣẹ, ó ń fọ̀ ọ́ kí ibi tí abiyamọ yóò jókòó sí lè mọ́. Orin ọpẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá Dorcas tún yọjú. “Ṣé mọ́tò ti wà nílẹ̀?”

“Mò ń fọ̀ ọ́ lọ́wọ́, Mọ́mì. Ó ti fẹ́ mọ́.”

Ó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀. Ọdúnayọ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́. Ìyá àgbà gbé ọ̀rọ̀ mì. “Ẹ ṣe é wéré,” ló wí, ó sì wọlé.

Ọdúnayọ̀ kú kí wọ́n tó dé Ìjerò. Ẹni ọ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀nà ló gbẹ̀mí rẹ̀.

Nígbà tí Fúnkẹ́ dé ọsibítù, Isaac wà lórí pèpéle, ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ ṣì tutù. Ìyá Dorcas jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, gèlè rẹ̀ ti bọ́, ó gbé ọmọ mọ́ àyà.

“Àǹtí, kò sẹ́ni tó sọ fún mi,” ni Isaac ń wí. “Wọ́n ní kí wọ́n kàn wò ó ni. Ká ní wọ́n sọ ọ́, ẹ̀yìn ni ǹ bá pọ̀n ọ́n sí, ǹ bá sáré.”

“Mo mọ̀, Tíṣà,” ni ìyá àgbà wí, kò gbójú sókè. “Mo mọ̀ ọ́n. Ẹnu mi ni kò gbé e.”

Fúnkẹ́ ti bi obìnrin yìí léèrè ohun tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣe, obìnrin náà sì dáhùn dáadáa. Kò bi í rí nípa ohun tí yóò sọ fún ọkọ abiyamọ lẹ́nu ọ̀nà. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó ti fẹ́ tú àṣírí yẹn, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́. Òun náà gbọ́ “ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀,” ó sì pàtẹ́wọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé ilé ìyá Fúnkẹ́ ní Ẹ̀fọ̀n. Bàbá Ọládèjì, àbúrò bàbá wọn, ti pàdé Fúnkẹ́ lójú ọ̀nà, ó ti kìlọ̀ fún un: “A ò ní túfọ̀ fún ìyá rẹ báyìí. Ara rẹ̀ ò yá la ó kọ́kọ́ wí. Díẹ̀díẹ̀ la ó máa mú un wọ̀ ọ́.”

Ìyá wọn ti di ẹrù tán. Ó ti gbọ́ pé ọmọ dé, ó ń múra àti lọ wẹ ọmọ: kàn-ìn-kàn-ìn tuntun, ọṣẹ dúdú, òrí nínú igbá kékeré. “Ẹ ò tètè dé!” ló wí. “Ọdúnayọ̀ ńkọ́?”

“Ara rẹ̀ ò yá díẹ̀,” ni Bàbá Ọládèjì dáhùn. “Wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ ní Ìjerò.”

“Hẹn-ẹn. Ẹ jẹ́ n mú aṣọ òtútù dání nígbà yẹn. Òtútù kì í pẹ́ mú un, láti kékeré ni. Fúnkẹ́, bá mi na ọwọ́ mú èyí tó wà lórí ibùsùn yẹn.”

Fúnkẹ́ kò mira.

“Fúnkẹ́, o ò gbọ́ ni?”

“Màámi, Ọdúnayọ̀ ti kú.”

“Fúnkẹ́!” Bàbá Ọládèjì fò dìde. “Ṣé bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ nìyẹn? Ìwé ti yí ọ lórí ni?” Àwọn obìnrin ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ọ̀kan ń pe Jésù, ọ̀kan ń ti Fúnkẹ́ sẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá wọn kò ké. Ó jókòó lé ẹrù tó dì. “Ẹ fi í sílẹ̀. Tún un sọ.”

“Ó ti kú, Màámi. Ẹ̀jẹ̀ ni kò dá. Ojú ọ̀nà Ìjerò ló kú sí.”

“Ṣé wọn ò tètè gbé e ni?”

“Wọn ò tètè gbé e.”

“Kí ló dá wọn dúró?”

Fúnkẹ́ wo Bàbá Ọládèjì, ó wo ilẹ̀. “Kò sẹ́ni tó fẹ́ dárúkọ ẹ̀, Màámi.”

Ìyá wọn mi orí, ó tún mi orí, bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti òkèèrè. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

“Ọmọ ńkọ́?”

“Ó wà láàyè. Ìyá Dorcas ló gbé e dání.”

“Ẹ gbé e wá fún mi,” ló wí, “ebi á ti máa pa á.”