Batioja ti Niger Street

Ọdún mẹ́rin ni Ṣẹ́gunfúnmi ti wà nínú ilẹ̀ kí Fọláhàn tó tún rí i. Orí tẹlifíṣọ̀n ló ti rí i, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Niger Street, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan tí oòrùn Kano ti mú ganrínganrín.

Iṣẹ́ dìṣì ni Fọláhàn ń ṣe. Òun ló ń gun òrùlé kiri Sabon Gari láti yí dìṣì àwọn èèyàn sí ibi tí àwòrán yóò ti mọ́, bí dẹkódà ẹnikẹ́ni bá sì dákú, òun ni wọ́n ń gbé e wá bá. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, dẹkódà oníbàárà kan ló ń dán wò. Bó ṣe ń yí ìkànnì kiri, ó bọ́ sórí bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n gbá ní Ecuador, lọ́hùn-ún ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín pápá. Wọ́n ta bọ́ọ̀lù sí i. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di etí jẹ́sì rẹ̀ mú, ó wá bojú wẹ̀yìn láti orí èjìká, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

Rìmóòtù bọ́ lọ́wọ́ Fọláhàn. Bí Ṣẹ́gunfúnmi ti máa ń ṣe gan-an nìyẹn.

Anselmo Batioja ni orúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Láti ọjọ́ náà ni Fọláhàn ti ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan rà á lọ sí Brazil, Fọláhàn mọ̀. Nígbà tí wọ́n fi í jókòó sórí bẹ́ńṣì níbẹ̀ fún odidi sáà kan, tí kóòṣì ní kò lágbára tó, Fọláhàn ò lè jẹun dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú un lọ sí ilẹ̀ Potogí, ibẹ̀ ni ògo rẹ̀ sì ti tàn. Ó di ẹni tí bọ́ọ̀lù ò lè gba àárín pápá kọjá kó má kọ́kọ́ kí i. Wọ́n fi í ṣe balógun ẹgbẹ́, orílẹ̀-èdè rẹ̀ náà sì pè é. Nílé ìwòran bọ́ọ̀lù tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, tí àwọn yòókù bá ń jà nítorí àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá, Fọláhàn á ní kí wọ́n yí i sí ti Potogí. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Batioja nìyẹn. “Batioja, sannu!” ni wọ́n ń kí i láti Niger Street títí dé Zoo Road, títí orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìgbàgbé.

Charity ìyàwó rẹ̀ rò pé tẹ́tẹ́ ló ń ta. Ó tú àpò ṣòkòtò rẹ̀ wò títí, kò rí tíkẹ́ẹ̀tì kankan. Ó bi í pé kí ló wá dé tó fi máa ń pa ohùn tẹlifíṣọ̀n tó bá ń wo ọkùnrin yìí, tí òógùn á sì bò ó bí ẹni tó gbé ẹrù. Fọláhàn ní ìfẹ́ eré bọ́ọ̀lù ni.

Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà á. Nígbàkigbà tí Batioja bá ti fẹ́ bojú wẹ̀yìn, Fọláhàn á gbé ojú tirẹ̀ kúrò, torí ó dà bíi pé òun ni ọmọ náà ń wá. Síbẹ̀, tí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí kò rí i, ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bí agbábọ́ọ̀lù kan bá sì ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn Batioja, irun ara Fọláhàn á dìde, á máa sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Má ṣe é. Jọ̀ọ́, má ṣe é.”

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ni pé òun ti ṣe é rí.

Àtikékeré lòun àti Ṣẹ́gunfúnmi ti jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá tó wà lẹ́yìn Railway Quarters, níbi tí àwọn òbí Ṣẹ́gunfúnmi ń gbé: Ṣẹ́gunfúnmi ní àárín, Fọláhàn ní ẹ̀yìn. Ní ọdún tí wọ́n pé ogún ọdún, wọ́n ní kóòṣì kan ń bọ̀ láti Kaduna wá mú ẹnì kan ṣoṣo sínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì, Ṣẹ́gunfúnmi ni yóò mú. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Fọláhàn lára bí ẹ̀gún. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí kóòṣì dé, wọ́n ń gbára dì ní pápá. Ṣẹ́gunfúnmi fi ẹsẹ̀ tẹ bọ́ọ̀lù, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń sáré bọ̀, ó rẹ́rìn-ín. Fọláhàn ò wo bọ́ọ̀lù rárá. Ojúgun ló wò, ibẹ̀ ló sì fi bàtà sí.

Ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé kó kàn dùn ún díẹ̀ ni, kó má lè rìn fún ọjọ́ méjì péré. Àmọ́ egungun dá. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun, ẹsẹ̀ wú, ó dúdú, nígbà tí wọ́n sì máa fi gbé e dé ọsibítù, oró rẹ̀ ti wọnú ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ kọkàndínlógún ló kú. Gbogbo èèyàn ní eré ni, wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. Fọláhàn ni wọ́n ń rọ̀ pé kó má fi ẹ̀sùn kan ara rẹ̀. Ó wà lára àwọn tó gbé pósí. Nígbà tí kóòṣì sì dé, kò tilẹ̀ mú Fọláhàn.

Èyí tó le jù nínú rẹ̀ ni Màmá Adéwùnmí, ìyá olóògbé. Sùtánà ni wọ́n ń rán fún àwọn ọmọ ìjọ Àládùúrà wọn. Láti ìgbà tí ọmọ wọn ti kú ni wọ́n ti mú Fọláhàn bí ọmọ. Òun ló ń tún tẹlifíṣọ̀n wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, òun ló ń pààrọ̀ gílóòbù, wọ́n á sì gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n á gbàdúrà gbọọrọ fún un.

Ó wá di ọ̀sán Sátidé kan, ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ilé ìwòran kún. Batioja ti pé ọgbọ̀n ọdún. Wọ́n ta bọ́ọ̀lù sí i, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn. Lọ́jọ́ yìí, Fọláhàn ò ráyè gbé ojú kúrò. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn kan já wọlé, ẹsẹ̀ Batioja sì tẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ kì í ti í tẹ̀. Lórí ẹ̀rọ, ẹni tó gé e lẹ́sẹ̀ ti kúnlẹ̀, ó di orí mú, ó ń sunkún.

Ọ̀gbẹ́ni Ṣótúndé tó ni ilé ìwòran ní ó ṣeni láàánú, pé mìsítéèkì ni, gbogbo èèyàn ló rí i.

Fọláhàn ní, “Ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é ni.”

Wọ́n bi í bó ṣe mọ̀. Ó dìde, ó gba ojú títì lọ sí Railway Quarters, bàtà rẹ̀ kan sì já lójú ọ̀nà, kò dúró wò ó.

Màmá Adéwùnmí wà nídìí máṣíìnì ìránṣọ. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ó ti dára tó o wá, fáànù yìí ti—”

“Màmá, mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ gé Ṣẹ́gunfúnmi lẹ́sẹ̀ ni.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀, ti kóòṣì, ti ìlara, ti ẹ̀rín tí ọmọ wọn rín, títí dórí Batioja, ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tó ń fi ara Ṣẹ́gunfúnmi hàn án lọ́dọọdún. Wọn ò ké. Ọwọ́ wọn wà lórí sùtánà funfun tí wọ́n ń rán, abẹ́rẹ́ sì ti gún un dúró. Wọ́n béèrè ẹyọ ohun kan: “Kí ló sọ nígbà tó ṣubú?”

“Ó ní, ‘Fọlá, kí ló dé?’”

Wọ́n ní kó máa lọ.

Oṣù méjì ni kò gbúròó wọn. Ó ń retí ọlọ́pàá, ó ń retí àwọn àgbà ìjọ, kò sẹ́ni tó wá. Ó sọ fún Charity, ìyẹn sì kó ọmọ wọn, Ògo, lọ sílé àbúrò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó padà. Kò bá a jà. Ó kàn ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, Màmá Adéwùnmí wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọ́n ti rù. Wọn ò jókòó. Wọ́n ní kó fi ọkùnrin náà han àwọn.

Fọláhàn wá fídíò Batioja kan jáde lórí fóònù. Màmá gbé gíláàsì sójú, wọ́n wo Batioja bó ṣe tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, bó ṣe bojú wẹ̀yìn. Wọ́n ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe.

“Kò jọ ọ́,” ni wọ́n wí.

“Màmá, ẹ wo ìrìn rẹ̀.”

“Èmi ni mo kọ́ ọmọ mi ní ìrìn. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ máa ń wọ inú díẹ̀. Ọrùn rẹ̀ kò gùn báyìí. Kò jọ ọ́ rárá, Fọláhàn.”

Fọláhàn pa ojú dé láti fi ojú inú wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó lè já wọn ní koro. Ojú Batioja ló rí. Ó wá a títí, ó wá ẹ̀rín yẹn, ó wá etí, ó wá eyín iwájú, ti ará Ecuador náà ló ń yọ sí i. Ìgbà yẹn ló mọ̀ pé ojú Ṣẹ́gunfúnmi ti kúrò lọ́dọ̀ òun, kò sì mọ ọdún tó ti lọ. Ó bẹ Màmá pé kí wọ́n jẹ́ kóun wo fọ́tò rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré.

“Rárá,” ni wọ́n wí. Wọ́n ká gíláàsì wọn. “Láti ìgbà tó ti lọ, kò sẹ́ni tó pè mí ní Ìyá Ṣẹ́gunfúnmi mọ́. Wọ́n ń ṣàánú mi. Ìwọ máa pè mí bẹ́ẹ̀. Níbikíbi tó o bá ti rí mi, lójú ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni wàá ṣe máa kí mi.”

Bẹ́ẹ̀ ló ń kí wọn. Lọ́jà, lójú títì, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń dá a lóhùn, wọn kì í fi àdúrà kún un mọ́.

Batioja padà sórí pápá lẹ́yìn ọdún kan. Ó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mọ́kànlá, ó ń tiro díẹ̀, ó sì ní òun ti ṣe tán. Wọ́n ṣe ìdágbére fún un ní ìlú rẹ̀ létí òkun, Fọláhàn sì wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò pa ohùn rẹ̀. Ọkùnrin tó ti rẹ̀ ló rí, tó gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ́rùn, tó ń juwọ́ sáwọn èèyàn tí Fọláhàn ò mọ̀. Ògo, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, wá dúró ti bàbá rẹ̀, ó sì bi í ní Hausa pé, ta nìyẹn?

“Agbábọ́ọ̀lù kan ni,” ni Fọláhàn wí. “Ará Ecuador.”