Ipa Ìka Mẹ́ta Nínú Ìpara

Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin tí Ọlọ́runṣọlá jí lójú oorun ọ̀sán tó tún gbóòórùn ìpara yẹn ní ìpàkọ́ ara rẹ̀, ó gbà pé kì í ṣe ọkàn òun ló ń tan òun jẹ. Ó fọwọ́ kàn án. Irun ibẹ̀ tutù, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Iwájú orí rẹ̀ gbẹ bí ewé àgbàdo nígbà ọyẹ́, àmọ́ ìpàkọ́ rẹ̀ rí bí ìpàkọ́ ẹni tí wọ́n ń tọ́jú. Kò sì sí ẹlòmíì nínú ilé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀kùn wà ní títì, ike ìpara sì wà lójú fèrèsé níbi tó ti wà láti bí oṣù mọ́kànlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìlà Hezekiah ọkọ rẹ̀.

Hezekiah nìkan ló máa ń fi ìpara yẹn pa á lórí. Hezekiah sì ti kú.

Ká tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ bí ọ̀rọ̀ irun yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ni Ọlọ́runṣọlá ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Kàbà, oṣooṣù ló sì ń fi rílásà, oògùn tó ń na irun, sí irun rẹ̀, bí oníṣẹ́ irun tilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó máa jẹ́ kó pé oṣù méjì. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ ń ṣe ìyàwó ní Iyah-Gbẹ̀dẹ̀, ó fi rílásà sí i láàárọ̀, ó kun dáì pupa lé e lọ́sàn-án, ó sì ní kí wọ́n fi irin gbígbóná nà án nírọ̀lẹ́. Káì! Kí ni irun ṣe fún un? Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí irun ìpàkọ́ rẹ̀ fi ń já sórí ìrọ̀rí. Gbogbo ilé ìwé ti rí i tán kí òun tó mọ̀. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń rí tẹni.

Ọkọ rẹ̀ ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Ọ́fíìsì ọ̀gbìn ni Hezekiah ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń lọ kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lo ajílẹ̀. Kò mọ nǹkan kan nípa irun, àmọ́ ó mọ ilẹ̀ tó ti ṣá. Ẹyin àti máyónéèsì ni Ọlọ́runṣọlá kọ́kọ́ lò, torí aládùúgbò sọ bẹ́ẹ̀. Irun kò yí padà, ilé ló ń rùn bí ilé adìyẹ. Hezekiah ka ìwé, ó ní ẹyin kò lè wọ inú irun, orí irun ló ń jókòó sí. Wọ́n wá ra ìpara tó ń fún irun lágbára, èyí tó le gan-an, tí wọ́n máa ń fi sí i tí wọ́n á tún fọ̀ kúrò. Ọlọ́runṣọlá ń fi sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, irun le gan-gan bí ìgbálẹ̀, ó tún ń ṣẹ́.

"Ṣé ojoojúmọ́ la máa ń da ajílẹ̀ sídìí àgbàdo ni?" Hezekiah bi í. Ó fa okùn irun kan tó tutù yọ, ó nà án lójú rẹ̀. "Bó bá ń fà tí kò padà sípò, ohun tó máa fún un lágbára ló ń wá. Bó bá kàn já láìfà rárá, ó ti yó, omi ló ń wá. Tìrẹ ti yó."

Láti ọjọ́ náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń lo èyí tó lágbára. Kò sí rílásà mọ́, kò sí irin gbígbóná. Ìpara kejì, èyí tí kò le, tó kàn ń mú irun tutù, Lọ́kọ́jà ni Hezekiah ti ń rà á, torí kò sí i ní ọjà Kàbà. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí wọ́n bá jẹun tán, Ọlọ́runṣọlá á jókòó sórí ẹní, ọkọ rẹ̀ á jókòó sórí àpótí lẹ́yìn rẹ̀, á fi omi rin irun náà. "Okun o, ìpàkọ́," á kí i bí ẹni ń kí àgbàlagbà. Á wá ki ìka mẹ́ta bọ inú ike, á sì fi wọ́n fa ìlà mẹ́ta láti ìsàlẹ̀ ọrùn lọ sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe é ní gbogbo ìgbà. Obìnrin náà á máa tòògbé.

Ọjọ́ Ẹtì kan, ó pè é lórí fóònù ní ilé ìwé pé òun ń lọ sí Lọ́kọ́jà lórí alùpùpù, òun á ra ìpara rẹ̀ bọ̀. Tirélà kan ló pàdé lọ́nà nígbà tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Priscilla, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tú àpò alùpùpù náà, ó bá ike ìpara tuntun níbẹ̀, ó gbé e sókè lójú gbogbo ènìyàn. "Ẹ wá wo ohun tí àbúrò mi torí ẹ̀ kú," ló wí. "Ìpara irun!" Ìyá Hezekiah jókòó níbẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ Priscilla dun Ọlọ́runṣọlá, àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìyá yẹn ló wọ̀ ọ́ lára tí kò jáde mọ́.

Láti ìgbà náà, kò fọwọ́ kan irun rẹ̀ mọ́ àfi kó we gèlè lé e. Ike tuntun, ó gbé e fún Priscilla kó máa gbé e lọ. Ti àtijọ́ ló fi sójú fèrèsé, torí ipa ìka mẹ́ta Hezekiah ṣì wà nínú ìpara náà. Láràárọ̀ ló ń ṣí i wò. Nígbà tó yá, ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ kejì ń dín kù. Ó dé e, kò sì ṣí i mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀rù bà á, kò sí irọ́ níbẹ̀. Opó tí ọkọ rẹ̀ bá ń padà wá fọwọ́ kàn, kò sí àgbà tó máa pe ìyẹn ní ìfẹ́. Láyé ọjọ́un, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fá orí opó, kí òkú má baà dá a mọ̀ mọ́. Màmá Hezekiah ló kọ̀ jálẹ̀ nígbà ìsìnkú pé kò sẹ́ni tó máa fi abẹ kan orí ìyàwó ọmọ òun, Kristẹni lòun. Àmọ́ ohun tó ń ba Ọlọ́runṣọlá lẹ́rù jù ni pé bóyá inú ń bí Hezekiah. Bóyá ohun tó ń wá sọ ni pé: irun tí mo torí ẹ̀ kú nìyí, mo ṣì ń tọ́jú ẹ̀ fún ẹ. Síbẹ̀, bí ọjọ́ Ìsinmi bá tún dé, á tẹ́ ẹní rẹ̀ síbi kan náà, á dùbúlẹ̀. Kì í rí oorun sùn láàárín ọ̀sẹ̀, oorun ọjọ́ méje ló ń sùn ní ọ̀sán kan ṣoṣo. Ẹ̀rù ń bà á, ọwọ́ yẹn sì ń wù ú.

Nígbà tí ìsìn ìrántí ọdún kan ku ọ̀la, ó pinnu. Ó mú abẹ tuntun, ó lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Odò-Apé ni ìyá náà ti wá fún ìsìnkú, kò sì padà mọ́. Ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn gan-an láàárín ọdún náà. Ọlọ́runṣọlá á ní kí àwọn lọ ra oògùn sí i, ìyá náà á ní, "Fi í sílẹ̀, ojú àgbà ni."

"Yèyé, okun o."

"Okun, ìyàwó mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fá orí mi."

Màmá gbójú sókè. "Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo fẹ́ kí Hezekiah lọ sinmi ni. Ó ń wá síbi, Yèyé. Ó ń fi ìpara pa mí lórí tí mo bá sùn."

Màmá na ọwọ́. Ó gba abẹ, ó ní, "Jókòó."

Ọlọ́runṣọlá jókòó sáàárín orúnkún rẹ̀, ó tú gèlè, ó di ojú. Abẹ ló ń retí. Ìka ló dé, ìka mẹ́ta, láti ìsàlẹ̀ ọrùn lọ sókè, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń wá ọ̀nà tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n kí orí rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

"Yèyé. Ẹ̀yin ni."

"Èmi ni. Mo máa ń rí i bó ṣe ń ṣe é fún ẹ nígbà tí mo bá wá kí yín. O ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan orí ẹ tí o bá lajú. Tí o bá sùn, mo máa ń ṣe é kí n tó lọ sí ìpàdé."

Ó yẹ kí ara tu Ọlọ́runṣọlá. Ẹkún ló gbà á. Hezekiah kò wá rí. Kò wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àfi bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá túfọ̀ fún un pé ọkọ rẹ̀ ti kú.

"Ó ku ohun kan," Màmá wí. Ó tú kókó ìdí aṣọ rẹ̀, ó mú ìgò oògùn ojú kékeré kan jáde tí wọn kò tíì ṣí. "Ọjọ́ Ajé ni Hezekiah fẹ́ bá mọ́tò ọ́fíìsì lọ sí Lọ́kọ́jà. Èmi ni mo pè é lọ́jọ́ Ẹtì, mo ní ojú ń dùn mí, n kò lè dúró di ọjọ́ Ajé. Ó ní kò burú, bí òun ṣe ń lọ náà, òun á kúkú ra ìpara ìyàwó òun. Àfikún ni ìpara ẹ. Inú àpò ẹ̀wù rẹ̀ ni ìgò yìí wà. Èmi ni wọ́n kó ẹ̀wù náà fún, mo sì fi pamọ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí i."

Ọlọ́runṣọlá dìde. "Ẹ jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Àǹtí Priscilla gbé ike yẹn sókè. Ẹ gbọ́ ọ."

"Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ jẹ́ kí n ru ẹ̀bi ikú ẹ̀ fún odidi ọdún kan!"

"Odidi ọdún kan." Ìyá náà kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn di ìgò náà mú.

Inú bí Ọlọ́runṣọlá. Ó wọlé lọ gbé ike ìpara náà, ó fẹ́ wá jù ú sí ẹsẹ̀ obìnrin náà kó lè rí ohun tó ṣe. Ó ṣí i. Ẹ̀gbẹ́ kan ti tán pátápátá, ìdí ike ń dán. Ẹ̀gbẹ́ kejì wà bó ṣe wà, ipa ìka mẹ́ta Hezekiah pé níbẹ̀, kò sí ohun tó kàn án. Láàárín méjèèjì, àmì àtàǹpàkò wà létí ìpara náà lọ́pọ̀ ìgbà, níbi tí ìyá tí kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ ti ń fọwọ́ wá ààlà kó tó bu tirẹ̀. Ọlọ́runṣọlá dúró sójú fèrèsé náà títí tí omijé fi bò ó lójú.

Lẹ́yìn náà ó mú díńgí, ó fi àlùmọ́gàjí gé gbogbo iwájú irun tó ti kú, ó gé e kó bá ẹ̀yìn dọ́gba. Ó bu omi, ó fi rin ín. Ó gbé ike jáde, ó padà lọ jókòó sáàárín orúnkún ìyá ọkọ rẹ̀.

"Mi ò tíì dárí jì yín o," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Ẹ fi ìpara sí i fún mi."

Màmá fọwọ́ wá inú ike. "Ibi tí mò ń bù ti tán."

"Ẹ bù ú ní ẹ̀gbẹ́ kejì."

"Ti Hezekiah nìyẹn."

"Mo mọ̀ pé tiẹ̀ ni, Yèyé. Ẹ bù ú."

Ọwọ́ ìyá náà dúró lókè ike fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ki ìka mẹ́ta bọ inú ipa ìka mẹ́ta náà, Ọlọ́runṣọlá sì tẹrí ba.