Ògiri tí Ìṣó Wọ̀

Dìran bíríkìlà ní òun nìkan ló ru gbogbo òkúta ògiri ṣọ́ọ̀ṣì Òkè-Àpáta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti Àdìgbẹ títí dé iwájú pẹpẹ, láìsinmi, láìlàágùn. Ó ní tírélà tó ń bọ̀ láti Ìtòrí ní láti yà sígbó kí òun lè kọjá. Ó ní nígbà tí òun máa sọ ẹrù náà kalẹ̀, ọrùn òun ti wọnú àyà lọ, ọwọ́ méjèèjì lòun fi fa orí òun jáde bí ẹní ń fa iṣu.

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Lydia, Ìyá Ìjọ, ń wo ògiri tuntun náà bí ẹní ń wo ejò tó wọ aṣọ.

Lọ́dún tó kọjá ni òjò kan rọ̀, òjò tó jẹ́ pé ẹja pàápàá ń wá ibi gbígbẹ sá sí, ló bá wó ògiri ọwọ́ ìwọ̀-oòrùn. Òkúta ni ṣọ́ọ̀ṣì yìí láti ìpìlẹ̀ dé abẹ́ òrùlé. Àwọn ìyá-ńlá wọn ló rù ú láti odò, tí wọ́n gbẹ́ ẹ létí títí wọ́n fi jókòó ti ara wọn bí eyín nínú ẹnu. Ó nípọn débi pé bí èèyàn bá bú ọ níta, kí èébú náà tó wọlé, ẹ ti parí ìjà. Ìgbìmọ̀ ìjọ ní kí wọ́n kúkú wó èyí tó kù, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Lydia takú. Ó ní òkúta ni yóò padà sípò òkúta, pé Dìran, ọmọ àbúrò ìyá òun, ni yóò ṣe é. Wọ́n gbà, wọ́n sì kìlọ̀ pé bí ìyẹn bá bà á jẹ́, ẹnu Lydia ò ní tólẹ̀ nínú ìjọ mọ́, wọ́n á wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

Dìran kó òkúta lọ sí Àdìgbẹ, ó ní òun fẹ́ fọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá pè é lórí fóònù, á ní wọn ò tíì gbẹ. Nígbà tó padà, ó ta tapólì bo ibi iṣẹ́, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọjú. Àárọ̀ Sátidé tó ṣáájú ìkórè ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i: ògiri aláwọ̀ eérú, ilà dúdú yí òkúta kọ̀ọ̀kan ká. Ó jọ òkúta. Ó tiẹ̀ jọ ọ́ jù.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì yìí, okùn ni wọ́n fi ń ta imọ̀ ọ̀pẹ ìkórè láti fèrèsé dé fèrèsé, nítorí ìṣó ò wọ ògiri náà rí. Kíká ló ń ká bí irun. Ìgbéraga Dìran ti sú Kọ́láwọlé tó ń so imọ̀. Ó fi ìṣó kan ògiri, ó fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀kan. Ìṣó wọlé dé orí, bí ẹni pé iṣu sísè ni.

Lydia gba òòlù. Ó lu ògiri, símẹ́ńtì já, ihò búlọ́ọ̀kù ya ẹnu.

"Dìran," ó ní, ohùn rẹ̀ ò ga. "Òkúta àwọn ìyá wa dà?"

Dìran ní inú ni wọ́n wà, pé òtútù ló lé wọn wọlé.

Àfúsá tó ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò ìrẹsì tó fẹ́ fi ta ìkórè lọ́rẹ. Ìmàle ni, àmọ́ baba-ńlá tirẹ̀ náà bá wọn ru òkúta ọ̀hún.

"Ìyá Ìjọ, mo rí fẹ́ńsì olókùúta kan ní Àdìgbẹ l'Ọ́jọ́bọ̀," ó ní. "Mo ní àbí ṣọ́ọ̀ṣì yín ti kó lọ síbẹ̀ ni? Dìran yìí ló ń fọ ọkọ̀ nínú ọgbà náà, ilé tuntun tó kọ́ ni."

Dìran ní ìbejì làwọn òkúta.

Ìbínú Lydia ò gba inú ṣọ́ọ̀ṣì tán, apá kan ní láti dúró síta. Ó bú Dìran láti irun dé àtàǹpàkò, ó bú òjìji rẹ̀, ó bú bàtà tó gbà láti gbé irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹnu mi ni mo fi dúró fún ọ," ó ní. "Torí fẹ́ńsì rẹ ni wọn yóò ṣe wó ilé Ọlọ́run? Bọ́ sínú ọkọ̀. Ọwọ́ ara rẹ lo máa fi tú u, lọ́kọ̀ọ̀kan."

Dìran ní kí òun kọ́kọ́ mú fìlà. Kọ́láwọlé ti dí ẹnu ọ̀nà. Àwọn fèrèsé àtijọ́ wọ̀nyẹn fẹ̀ nínú, wọ́n há níta. Dìran bẹ́ sínú ọ̀kan, orí kọjá, ikùn kọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta pàpà nínú ilé Ọlọ́run. Lydia fa imọ̀ ọ̀pẹ kan yọ, ó fi nà án nídìí bí ẹní ń lu ẹ̀wà, títí bọ́tìnnì fi ta dànù tí Dìran sì já bọ́ síta.

Lydia ò lé e. Ó ní kí Àfúsá jókòó síwájú ọkọ̀, kó júwe ilé náà, kí wọ́n lọ tú òkúta wọn. Dìran ti di eruku lójú ọ̀nà Ìtòrí, kò wẹ̀yìn.