Ìyókù Òwe Tí Ẹ̀rọ Gé Sọnù

“Mọ́mì, ẹ gbà pé ẹ ti gbàgbé rẹ̀, ká wá nǹkan mìíràn ṣe.”

Agbẹ̀bí ò gbà fún ọmọbìnrin rẹ̀. Ó tún tẹ páásíwọ́ọ̀dù náà sórí kọ̀ǹpútà, ìka kan ṣoṣo ló ń lò, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Ẹ̀rọ tún yarí: kò tọ̀nà. Ìgbà kẹrin nìyẹn. Bó bá fi di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, wọn á tì í mọ́ ìta. Bí aago mẹ́rin bá sì lù tí kò tíì sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun, kò gbọdọ̀ gbẹ̀bí fún ẹnikẹ́ni lọ́la. Aago mẹ́ta ti kọjá.

Ṣùgbọ́n ká má parọ́, kì í ṣe ìwé àṣẹ ló ń já a láyà jù. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ìyá tó bí i nìyí. Ó kọ́kọ́ gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí, ó gbàgbé ọ̀nà ilé, ó wá ń bi ọmọ bíbí inú rẹ̀ pé, “Ìwọ ta ni?” Ọmọ ọgọ́ta ọdún ni ìyá náà nígbà yẹn. Agbẹ̀bí á pé ọgọ́ta lóṣù tó ń bọ̀.

“Mi ò gbàgbé,” ló wí. “Òwe ni mo fi ṣe é. Ta ló ń gbàgbé òwe?”

Ó pe ọ́fíìsì àjọ àwọn agbẹ̀bí. Obìnrin kan tó ń jẹ nǹkan lẹ́nu ló gbé e.

“Ẹ má sọ páásíwọ́ọ̀dù yín fún mi o, Mà. Lẹ́tà mélòó ni?”

Agbẹ̀bí fi ìka kà á. “Mẹ́tàlélógún.”

“Háà! Ọ̀rọ̀ dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí gbogbo ẹ̀yin agbẹ̀bí forúkọ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, mẹ́rìndínlógún péré ni ẹ̀rọ wa gbà. Ó gé ìyókù sọnù, kò sì sọ fún yín. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti ń wọlé báyìí kì í gé nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí méjèèjì ò fi bára mu. Ẹ tẹ mẹ́rìndínlógún àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ dúró.”

“Ẹ gé òwe mọ́ àgbàlagbà lẹ́nu, ẹ ò sì tọrọ gáfárà?”

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ forí jì wá, Mà.”

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Agbẹ̀bí kà á láìfi àlàfo sí i. Nígbà tó dé “mú”, ó pé mẹ́rìndínlógún gẹ́lẹ́. “Kì í bàjẹ́” ló wọ igbó. Ó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ojú ewé náà sì ṣí gbayawu, tòun ti fọ́tò rẹ̀.

“Orí mi pé! Ẹ gbà mí o, orí mi pé pérépéré!” Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ara tù ú dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Kí aago mẹ́rin tó lù, ìwé àṣẹ ti jáde.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ti kọjú sí fèrèsé, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lórí fóònù. “Bọ̀dá mi, ẹ má wulẹ̀ wá mọ́. Mọ́mì ò gbàgbé nǹkan kan. Ẹ sọ fún dókítà pé a ò wá mọ́.”

“Dókítà wo?”

Ọmọ náà yíjú padà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù nù. “Ẹ má bínú, Mà. Ẹ̀rù ló ń bà wá. Ó ti tó oṣù kan.”

Inú kọ́kọ́ fẹ́ bí Agbẹ̀bí. Ó ronú sí i, ó mí kanlẹ̀.

“Ẹ̀yin, oṣù kan. Èmi, ọdún mẹ́ta rèé tó ti ń bà mí, mi ò jẹ́ kẹ́nì kan gbọ́. Pe bọ̀dá rẹ padà. Ní kó má fagi lé dókítà náà.”

“Ṣebí ẹ ò gbàgbé nǹkan kan, Mà?”

“Nítorí ẹ̀ náà ni. Ìgbà tẹ́rù ń bà mí, mi ò jẹ́ lọ. Ní báyìí, mo lè lọ.”